Ìbámu Olùwà àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Agbègbè Èjìgbò: Àyẹ̀wò Ìtàn Rẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí lẹ́tà kan ṣoṣo, èyíinì ni 's' tí èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi sí ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe nígbà tí olùwà gbólóhùn bá jẹ́ ẹni kẹta ẹyọ, ní àsìkò ìsinsìnyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní 'present simple'. 'I go', 'you go', 'we go', 'they go'. Ṣùgbọ́n 'he goes'. Àwọn onímọ̀ èdè ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí àṣìṣe tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń ṣe nípa rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń wò ó bí ìṣòro èdè nìkan. Ojú ìtàn ni a ó fi wò ó níhìn-ín. Ara àti àwọn ìlú agbègbè Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni a fi ṣe ìdúró, nítorí ìdí méjì. Agbègbè yìí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ gírámà Yorùbá ti gbé ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì nílùú wọn. Ọmọ tí a ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí èdè mẹ́ta ń dún létí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe àìlóye ni ó ń mú kí ọmọ kọ 'My father go to farm'. Ìmọ̀ nípa ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti wà nínú ìwé fún ohun tí ó lé ní àádọ́jọ ọdún. Àlejò tí ó fẹ́ kọ́ Yorùbá ni a kọ ọ́ fún. A kò yí ojú rẹ̀ sí ọmọ Yorùbá tí ó fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Orísun 's'

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ bi èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ léèrè. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí tirẹ̀ fún èmi, fún ìwọ, fún òun àti fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìparí wọ̀nyí ń já dànù. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, '-eth' ni wọ́n ń lò fún ẹni kẹta ẹyọ. Ní àríwá, '-s' ni. Láàárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún sí ìkẹtàdínlógún ni ti àríwá wọ Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì lé ti gúúsù jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi parí, ìparí yòókù ti kú tán. 's' nìkan ni ó dúró, bí òpó kan tí ó ṣẹ́kù nínú ilé tí ó ti wó.

Ọ̀rọ̀ 'you' ní ìtàn tirẹ̀. 'Thou' ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹnì kan ṣoṣo; 'you' wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn àti fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, gẹ́gẹ́ bí 'ẹ' ti rí nínú Yorùbá. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi 'you' pe tọmọdé tàgbà, 'thou' sì kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀pọ̀ tí ó ń bá 'you' rìn kò kúrò, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń sọ 'you are' fún ènìyàn kan títí di òní. Ọmọ Èjìgbò tí ó bá gbọ́ èyí kò ní pẹ́ lóye rẹ̀, nítorí kò sí ọjọ́ tí kò fi 'ẹ' kí àgbà kan.

Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 ni ó wà lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì tí ó wá sí ilẹ̀ Yorùbá, '-eth' àti 'thou' sì kún inú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù lè gbọ́ 'he cometh' lẹ́nu àlùfáà ní ọjọ́ Àìkú, kí ó sì jẹ ẹgba ní ọjọ́ Ajé bí kò bá kọ 'he comes'. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fi ẹnu kò lórí 's' yìí. Ní Norfolk àti Suffolk, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ wọn, 'he go' jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn onílẹ̀ jogún lọ́wọ́ baba wọn. Peter Trudgill, tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí èdè ìlú Norwich jáde ní 1974, rí i pé bí ipò ènìyàn bá ṣe rẹlẹ̀ tó láwùjọ ni ó ṣe ń fi 's' sílẹ̀ tó. Kò sí ẹni tí ó ti ìdí èyí sọ pé àwọn ará Norwich kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Gírámà fún àlejò, owó fún Gẹ̀ẹ́sì

Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Gírámà rẹ̀ tí ó kún ju ti ìṣáájú lọ jáde ní 1852. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1850, ó sì ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó tó padà sílé. Ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Washington ni ó tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ jáde ní 1858. Ojú gírámà Látìn àti ti Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ènìyàn ìgbà náà fi ń wo èdè gbogbo, wọn ìbáà bá a mu, wọn ìbáà má bá a mu. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti ka Yorùbá fún ọjọ́ mélòó kan yóò ti rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kì í yí padà nítorí olùwà: mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún Òyìnbó. Fún ọmọ Yorùbá tí ó ń bọ̀ láti ìhà kejì, ìkìlọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ fún un.

Òfin Ẹ̀kọ́ ti 1882 ni ó fi owó sí ọ̀rọ̀ náà nídìí. Lábẹ́ òfin yìí, kíka àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba ń tìtorí rẹ̀ san owó ìrànlọ́wọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́; kò san nǹkan kan lórí èdè ìbílẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti dáhùn tó níwájú olùbẹ̀wò ni owó ilé-ẹ̀kọ́ ń pọ̀ tó. Òótọ́ ni pé Èkó ni òfin náà mú, kò mú Èjìgbò. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí a fi wọn ọmọ ní Èkó nígbà náà ni ó di òṣùwọ̀n gbogbo ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí ó ṣe. Àṣìṣe tí ojú lè tètè rí, tí a sì lè fi yẹ́ńsù pupa fa ìlà sí nídìí, ni ó rọrùn jù lọ láti fi díwọ̀n. Kò sí èyí tí ó rọrùn láti rí tó 's' tí kò sí níbi tí ó yẹ kí ó wà.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432. Ohun ńlá ni èyí, kò sì sí ẹni tí ó lè bu iyì rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í tètè pọ̀ bí ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kó wọ kíláàsì kò tíì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ohun tí wọ́n sì há sórí nígbà tí àwọn náà wà ní kíláàsì ni wọ́n fi kọ́ni. Báyìí ni gbogbo kíláàsì ṣe ń ké 'I go, you go, he goes' bí ẹni ń ka tábílì ìṣirò. Ọmọ a ké e láìṣì, a jókòó láti kọ àròkọ nípa bàbá rẹ̀, 's' a sì fò lọ.

Ìwé dára sí i lẹ́yìn ìgbà náà. Olóyè Phebean Ògúndípẹ̀, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, kópa nínú kíkọ 'Brighter Grammar' àti 'Practical English', ìwé méjì tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìwé wọ̀nyí fi àdáṣe rọ́pò ìkésókè, èyí sì jẹ́ ìlọsíwájú tòótọ́. Àmọ́ gbogbo Nàìjíríà ni a kọ wọ́n fún. Ìwé tí ọmọ Kánò àti ọmọ Ẹnúgù yóò kà kò lè dúró lórí gírámà Yorùbá.

Ohun tí ọmọ náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. A sábà máa ń sọ pé Yorùbá kò ní ìbámu, kí a sì fi ìyẹn parí ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni a wò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ìbámu kan tí ó le ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, tí ọmọ ọdún márùn-ún kò sì gbọdọ̀ ṣì: arọ́pò-orúkọ gbọ́dọ̀ bá ipò ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. 'Ògìyán ti dé. Wọ́n wà ní ààfin.' Ènìyàn kan ṣoṣo ni Ògìyán, síbẹ̀ 'wọ́n' ni a fi rọ́pò orúkọ oyè rẹ̀. Ọmọ tí ó bá sọ pé 'ó wà ní ààfin' yóò gbọ́ ìbáwí kíá, ìbáwí náà yóò sì gbóná ju ti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bákan náà ni fún bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti olùkọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì nípa bàbá rẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni 'wọ́n máa ń lọ sí oko'. Bí ó bá kọ 'They go to farm', olùkọ́ yóò fagi lé 'they', yóò ní ẹnì kan ni bàbá. Ọmọ náà yóò yí 'they' sí 'he', yóò sì fi 'go' sílẹ̀, nítorí kò sí ohun kan nínú èdè rẹ̀ tí ó sọ fún un pé yíyí arọ́pò-orúkọ padà kan ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú Yorùbá, bí a bá yí 'wọ́n lọ' sí 'ó lọ', àpọ́nlé nìkan ni ó bọ́. Ìbéèrè tí Yorùbá ń béèrè ni 'Ta ni ẹni náà sí ọ?' Ti Gẹ̀ẹ́sì ni 'Ẹni mélòó ni?' Ọmọ náà dáhùn ìbéèrè tí ó mọ̀.

Ìṣòro kejì wà nínú 'máa ń'. Àsìkò Gẹ̀ẹ́sì yìí ni a fi ń sọ ohun tí ènìyàn ń ṣe bárakú. 'He goes to farm' kì í ṣe 'ó lọ sí oko', nítorí 'ó lọ sí oko' túmọ̀ sí pé ó ti lọ. 'Ó máa ń lọ sí oko' ni. Yorùbá fi ọ̀rọ̀ méjì tí etí ń gbọ́ dáadáa sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi nǹkan kan pàtó sọ, Gẹ̀ẹ́sì náà sì fi 's' sọ ohun tí Yorùbá kò ka sí. Ẹni tí ó bá wá 'máa ń' nínú 'goes' kò ní rí i. Ohun tí yóò rí ni lẹ́tà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yé e.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹnu náà. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀: 'bus' di bọ́ọ̀sì, 'class' di kíláàsì. Ìró tí ó parí 'goes' ni 'z', ìró tí Yorùbá kò ní rárá. Ní àfikún, 's' kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ọ̀rọ̀-orúkọ di ọ̀pọ̀. 'Boys' jẹ́ ọ̀pọ̀, 'goes' jẹ́ ẹyọ. Nígbà tí ọmọ bá kọ 'The boys goes', ọgbọ́n ni ó ń lò. Ó ti kọ́ pé 's' jẹ́ àmì ọ̀pọ̀, ó sì fi í sí ibi méjèèjì kí wọ́n lè bá ara wọn mu.

Sílébù olóhùn òkè

Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá fúnra wọn ti jiyàn lórí ìbámu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iyàn náà kò kúrò ní yunifásítì. Bí a bá sọ pé 'ọmọ lọ', etí kò gbọ́ 'ọmọ' lásán. 'Ọmọ́ lọ' ni à ń gbọ́, ohùn ìparí olùwà gòkè kí ọ̀rọ̀-ìṣe tó dé. Àwọn kan ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 pe sílébù olóhùn òkè yìí ní àmì ìbámu olùwà. Ọládélé Awóbùlúyì tako èrò náà nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní 1975. Ibi tí agbára iyàn náà wà ni pé sílébù yìí kò bìkítà bóyá ẹyọ ni olùwà tàbí ọ̀pọ̀: 'ọmọ́ lọ', 'àwọn ọmọ́ lọ'. Ohun tí ó ń wò ni irú ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Bí 'kò' bá wọlé, a kò gbọ́ ọ mọ́: 'ọmọ kò lọ'. Bí 'yóò' bá wọlé, bákan náà ni: 'ọmọ yóò lọ'.

Ó dà bí ẹni pé ẹ̀yìn Awóbùlúyì ni òtítọ́ wà lórí orúkọ tí ó yẹ kí a pè é. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kan olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí orúkọ. 's' Gẹ̀ẹ́sì náà kì í fara hàn níbi gbogbo. 'The child goes' ní in. 'The child will go' kò ní in, gẹ́gẹ́ bí 'ọmọ yóò lọ' kò ti ní ohùn òkè. Ní 'The child does not go', ó ti kúrò lára 'go', ó ti bọ́ sára 'do'. Ọmọ Ara tí kò tíì mọ lẹ́tà kan ti ń gbé àmì kékeré kan sáàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó yọ ọ́ kúrò, láìsí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ìjọra náà kò pé, nítorí ohùn òkè wà nínú ohun tí ó ti kọjá pẹ̀lú, kò sì mọ ẹyọ yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀. Ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, síbẹ̀ a kò fi bẹ̀rẹ̀.

Faransé láti Abidjan

Abidjan ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò fi ṣe ilé kejì, pàápàá àdúgbò Treichville. Àwọn mìíràn bí ọmọ síbẹ̀, wọ́n sì ń rán wọn wálé wá kàwé. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002 àti ìjà tí ó tẹ̀ lé ìdìbò ní 2010 sí 2011 tún dá àwọn kan padà.

Ẹnìkan lè rò pé ọmọ tí ó ti gbọ́ Faransé yóò tètè mọ ìbámu Gẹ̀ẹ́sì, níwọ̀n bí Faransé ti ń yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà nítorí olùwà. Lójú ìwé ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Ní etí, 'je parle', 'tu parles', 'il parle' àti 'ils parlent' kò yàtọ̀ síra rárá ní ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọmọ tí ó kọ́ Faransé ní ọjà, tí kò kọ́ ọ ní kíláàsì, ti rí èdè Òyìnbó kan tí òun náà dà bí ẹni pé ó fi ẹni kẹta ẹyọ sílẹ̀ láìní àmì. Èyí tí ó bá sì kọ́ ọ ní kíláàsì ti mọ̀ pé ẹni kejì ni 's' wà fún, ní 'tu parles'. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni kẹta ni. Ibi kan ṣoṣo tí Faransé ti bá Yorùbá mu ni 'vous', ọ̀pọ̀ tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, tí ó sì ń gba ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀pọ̀. Ẹni tí ó dé láti Abidjan ti ní 'ẹ', ó ti ní 'vous', ó sì lè fi méjèèjì lóye 'you'. Ọ̀nà tí ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, láti ilé ara rẹ̀.

Láti 1970 títí dé òpin ọdún mẹ́wàá náà

Ìgbà kan wà tí a dán ọ̀nà mìíràn wò, kò sì jìnnà sí Èjìgbò. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà náà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni a sì yàn fún un. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ fún àpilẹ̀kọ yìí ni pé a kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè àjèjì tí ó ní ìlànà tirẹ̀. A kò kọ́ ọ bí ẹni pé òun ni ìmọ̀ fúnra rẹ̀, tí ẹni tí ó bá ṣì í ti di aláìmọ̀.

Ètò náà kò tàn kálẹ̀. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti 1977 gba èdè abínibí láyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan. Ní oṣù Kọkànlá 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé ìlànà náà, Gẹ̀ẹ́sì sì padà sí ipò rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ìdánwò kò yí padà. WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, àti NECO lẹ́yìn rẹ̀, ṣì ń fi ìbámu olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe wọn akẹ́kọ̀ọ́, láìsí kírẹ́dìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀nà yunifásítì ti ṣòro. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ ní Èjìgbò gan-an. Ọmọ àgbẹ̀ láti Ara tí ó bá fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, láìṣì, pé bàbá òun 'goes to farm'.